Trace: nọ́ńbà kan nínú matrix tí kì í yí padà bí a bá yí ojú tí a fi ń wò ó padà

Ṣíṣírò trace kò gba àsìkò. Matrix, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tí a tò ní ìlà-ìlà bíi tábìlì, tí ìbú àti òró rẹ̀ bá dọ́gba, bẹ̀rẹ̀ láti igun òkè lápá òsì, máa sọ̀ kalẹ̀ lórí ìlà tó dagẹ̀rẹ́ títí dé igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, kí o ro àwọn nọ́ńbà ibẹ̀ pọ̀. Nínú matrix 10 sí 10, nọ́ńbà 90 ni kò bojú wò rárá. Ìṣirò ọ̀lẹ ni, bí a bá fojú lásán wò ó.

Ká ní láàárọ̀ ní Abẹ́òkúta, takisí 2 ń ti Ìtòkú lọ Lafẹ́nwá, 1 ń ti Ìtòkú lọ Pánṣẹ́kẹ́. Láti Ìbarà, kò sí èyí tó ń lọ Lafẹ́nwá, 3 ló ń lọ Pánṣẹ́kẹ́. Matrix A nìyẹn. B ni ti àbọ̀ lálẹ́: láti Lafẹ́nwá, 1 ń bọ̀ ní Ìtòkú, 4 ń bọ̀ ní Ìbarà, láti Pánṣẹ́kẹ́, 5 ń bọ̀ ní Ìtòkú, 2 ń bọ̀ ní Ìbarà.

Ẹni tó jí ní Ìtòkú, tó sì fẹ́ sùn sí Ìtòkú, ọ̀nà mélòó ló ní? Bó bá gba Lafẹ́nwá, 2 lọ́nà 1. Bó bá gba Pánṣẹ́kẹ́, 1 lọ́nà 5. Ó di 7. Ará Ìbarà ní 6. Àwọn méjèèjì yìí ló wà lórí ìlà tó dagẹ̀rẹ́ nínú AB, ìyẹn A lọ́nà B, trace rẹ̀ sì jẹ́ 13.

Wá ka BA, ti ẹni tó gbéra lálẹ́ láti Lafẹ́nwá tàbí Pánṣẹ́kẹ́, tó sì padà síbẹ̀ láàárọ̀. Lafẹ́nwá ní 2, Pánṣẹ́kẹ́ ní 11. 13 náà ni! AB àti BA kò jọra níbì kankan, ṣùgbọ́n àlọ-àbọ̀ kan náà là ń kà. Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ kíkà ló yàtọ̀.

Ibí làwọn kan ti ń ṣì í, wọ́n á ní trace AB ni trace A lọ́nà trace B. Rárá o. Ti A jẹ́ 5, ti B jẹ́ 3. 15 ni ìyẹn ì bá fún wa. Àti pé ìlà dagẹ̀rẹ́ inú A nìkan, Ìtòkú sí Lafẹ́nwá, Ìbarà sí Pánṣẹ́kẹ́, kì í ṣe àlọ-àbọ̀ ẹnikẹ́ni. Bí matrix bá di mẹ́ta, trace ABC, ti BCA àti ti CAB bára dọ́gba, torí wọ́n kàn ń yípo ni. ACB ti gba ọ̀nà mìíràn, tirẹ̀ lè yàtọ̀.

Yíyípo yìí ni agbára trace. Bí a bá yí ojú tí a fi ń wo A padà, ó di P⁻¹AP (P ni matrix tó ń yí ojú náà padà, P⁻¹ ni èyí tó ń dá a padà sípò), gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀ sì lè dàrú. Gbé P⁻¹ lọ sẹ́yìn: APP⁻¹. P àti P⁻¹ pa ara wọn rẹ́, A nìkan ló kù, trace kò yẹ̀. Ìdí nìyí tí trace fi jẹ́ àpapọ̀ àwọn eigenvalue, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tí matrix fi ń nà tàbí fún ọfà tí kì í yà kúrò lójú ìlà rẹ̀, láìjẹ́ pé a wá ọ̀kan nínú wọn rí. Ọgbọ́n tó jinlẹ̀ ni fún ìṣirò tó rọrùn tó báyìí.

Àbùkù rẹ̀ ni pé àpapọ̀ nìkan ló mọ̀. Bi 13 yẹn léèrè iye tó jẹ́ ti ará Ìtòkú nínú rẹ̀, kò ní fọhùn.