Pátákó awakọ̀ tuntun: ara ọkọ̀ ló wà, ẹni tó ń wà á ló ń bá wí

Ìwé ìwakọ̀ kì í hàn láti òkèèrè. Ẹni tó gba tiẹ̀ lánàá àti ẹni tó ti ń wakọ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú ẹni tó ń tẹ̀ lé wọn bọ̀ lójú pópó. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ṣòfin pé kí awakọ̀ tuntun fi pátákó kékeré kan sára ọkọ̀. Iṣẹ́ méjì ni pátákó yìí ń ṣe. Ó ń sọ fáwọn yòókù pé kí wọ́n fún ẹni yìí láyè, ó sì ń jẹ́ kí ọlọ́pàá dá ẹni tí òfin ti dín eré rẹ̀ kù mọ̀. Ẹni tó bá ti fi iṣẹ́ méjèèjì yìí sọ́kàn, kò ní í ṣòro fún un láti lóye àwọn òfin tó kù: bó ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, ibi tó gbọ́dọ̀ wà, àti ìgbà tó yẹ kó kúrò.

Ẹni tó ṣì ń kọ́ ọkọ̀ àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò kì í ṣe ẹyọ kan náà. Ní Bìrìtìkó, lẹ́tà L pupa lórí funfun ni ti akẹ́kọ̀ọ́, ọdún 1935 tí ìdánwò ìwakọ̀ di dandan ló sì ti wà. Ẹni tó bá ti yege níbẹ̀ lè lo P aláwọ̀ ewé, àmọ́ kò sí òfin tó fipá mú un. Ẹ̀bẹ̀ lásán ni P yẹn, ọwọ́ ẹni tó bá rí i ló kù sí. Ilẹ̀ Áyálándì ò fi í ṣe ẹ̀bẹ̀ ní tiwọn: láti oṣù kẹjọ ọdún 2014, N pupa lórí funfun ti di dandan fún ọdún méjì gbáko lẹ́yìn téèyàn bá gba ìwé ìwakọ̀ àkọ́kọ́. Faransé ń lo A pupa nínú róbótó funfun. Rọ́ṣíà ò tiẹ̀ lo lẹ́tà rárá, àmì ìyanu (!) dúdú lórí pátákó aláwọ̀ ìyeyè ni tiwọn, fún ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì nídìí ọkọ̀.

Ó yẹ kí arìnrìn-àjò ṣọ́ra níbi tí lẹ́tà kan bá ti ní ìtumọ̀ méjì. Ní Sípéènì, L funfun lórí àwọ̀ ewé kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́. Ti ẹni tó ti yege ni, tó wà nínú ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, tó sì lè dá wakọ̀ láìsí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìwọ̀n ò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń ta pátákó. Ti Bìrìtìkó gbọ́dọ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 178 ní òró àti ní ìbú. Lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀ ga ní 102, ó fẹ̀ ní 89, ọwọ́ lẹ́tà náà sì nípọn ní 38. Wọ́n lè gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó rí róbótó, àmọ́ ẹni tó bá dín L kù kó lè bá ọkọ̀ rẹ̀ mu ti rú òfin. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ní Wéésì nìkan, èèyàn lè lo D dípò L, ṣùgbọ́n tó bá ti wa ọkọ̀ náà wọ Ẹ́ńgílándì, L ni òfin mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá fi pátákó sí i bó ṣe yẹ lè gba póìǹtì ìjìyà, ìyẹn àmì ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń kọ sórúkọ awakọ̀, tó tó mẹ́fà. Póìǹtì yẹn kì í sì í parẹ́ lọ́jọ́ tó bá yege. Èyí tí àkókò rẹ̀ ò bá tíì tán yóò bá a wọnú ìwé ìwakọ̀ tuntun. Bí òmíràn bá wá gorí rẹ̀ láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, tí àpapọ̀ rẹ̀ sì pé mẹ́fà, wọ́n á fagi lé ìwé náà, á sì tún padà sẹ́nu ẹ̀kọ́.

Ibi tí àwọn èèyàn ti sábà máa ń ṣi òfin yìí lóye ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí gbogbo ilé jọ ń lò. Ọmọ ló ń kọ́ ọkọ̀ láàárọ̀, ìyá rẹ̀ ló ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ lọ́sàn-án. Ẹni tó ń wà á ni pátákó ń bá wí, kì í ṣe ọkọ̀. Nítorí náà, ìlànà Bìrìtìkó ni pé kí wọ́n yọ L tàbí kí wọ́n bò ó tí kì í bá ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wakọ̀; àwọn ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ẹni tó bá rí L lójoojúmọ́ lára ọkọ̀ tó ń sáré bí ìjì, kò ní pẹ́ tí kò fi ní í ka L kankan sí mọ́. Nítorí yíyọ àti fífi sí yìí ni òòfà fi wọ́pọ̀ lẹ́yìn pátákó. Kì í sì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni òòfà ń gbá mú. Ara ọkọ̀ tí wọ́n fi alumíníọ̀mù tàbí ike ṣe kì í fà á, okùn tàbí bébà tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan ló kù fún irú wọn. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe lẹ̀ ẹ́ síbi tí yóò ti dí ojú ara rẹ̀ lójú gíláàsì.

Japan ló lọ jìnnà jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé òfin tiwọn de àwọn ẹlòmíì náà. Àmì tiwọn, tí wọ́n gbé kalẹ̀ lọ́dún 1972, dà bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là: apá òsì rẹ̀ jẹ́ ìyeyè, apá ọ̀tún jẹ́ àwọ̀ ewé. Ọdún kan ni awakọ̀ tuntun fi gbọ́dọ̀ lò ó, níwájú àti lẹ́yìn ọkọ̀, níbi tí kò rẹlẹ̀ ju 0.4 mítà lọ sílẹ̀, tí kò sì ga ju 1.2 mítà lọ. Ibi tí ojú ẹni tó wà nínú ọkọ̀ mìíràn máa ń bọ́ sí nìyẹn. Ẹni tí kò bá lò ó yóò san 4,000 yen, póìǹtì kan á sì tẹ̀ lé e. Àmọ́ ẹni tó bá rí àmì náà, tó wá ń fún ọkọ̀ ọ̀hún mọ́ ẹ̀gbẹ́ tàbí tó já wọ iwájú rẹ̀ lójijì, òun náà ti dẹ́ṣẹ̀, àfi tó bá jẹ́ pé ó ń sá fún ewu. Níbẹ̀, àmì yìí ti kúrò ní ẹ̀bẹ̀, ààbò ni.

Ọ̀nà mìíràn ni Ọsirélíà gbà. Ní New South Wales, àwọ̀ pátákó ló ń sọ òfin tó de awakọ̀. P pupa: ó kéré tán oṣù 12, eré tí kò gbọ́dọ̀ ju kìlómítà 90 ní wákàtí kan lọ. P aláwọ̀ ewé: oṣù 24 ó kéré tán, eré 100. Àwọn méjèèjì, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lo L, kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan ọtí rárá kí wọ́n tó wakọ̀. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 25 tó ń lo P pupa kò sì gbọdọ̀ gbé ju èèyàn kan tí kò tíì pé 21 lọ láàárín aago mọ́kànlá alẹ́ sí márùn-ún ìdájí. Bí kò bá sí pátákó lára ọkọ̀, ta ni ọlọ́pàá fẹ́ bi léèrè?

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló fara mọ́ ọn. Nígbà tí New Jersey ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ òfin àmì pupa fún àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ lọ́dún 2010, ẹ̀rù ba àwọn òbí kan pé àmì náà yóò tọ́ka ọmọ wọn fún aṣebi. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ìpínlẹ̀ náà, ilé ẹjọ́ sì fọwọ́ sí òfin náà lọ́dún 2012.

Ọjọ́ tí wọ́n fún èèyàn níwèé ìwakọ̀ ni kíkà àkókò pátákó ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tó kọ́kọ́ ra ọkọ̀. Faransé ń ka ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọdún méjì péré ni fún ẹni tó ti fi àgbàlagbà ṣe alábàárìn kọ́ ọkọ̀. Ní Japan, bí wọ́n bá gba ìwé lọ́wọ́ awakọ̀ fún oṣù mélòó kan nítorí ẹ̀ṣẹ̀, oṣù wọ̀nyẹn kò wọnú ọdún kan náà. Ó di ìgbà tí ìwé bá padà sí i lọ́wọ́ kí kíkà tó máa bá a lọ, àmì náà á sì wà lára ọkọ̀ títí ọdún náà yóò fi pé.