Ìwé láàbù kò lè sọ pé taifọ́ọ̀dù “kù nínú ẹ̀jẹ̀”

“Taifọ́ọ̀dù mi ò tíì tán nínú ẹ̀jẹ̀.” Bí ẹ bá jókòó fún wákàtí kan níwájú kẹ́míìsì èyíkéyìí ní Adó-Èkìtì, láti Ìjìgbò dé Baṣírì, ẹ ó gbọ́ ọ. Wọ́n á na ìwé láàbù síni, wọ́n á fi ìka tọ́ka sí 1:160, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ó máa ń dùn mí, torí mo mọ ibi tó ti bá ẹbí mi jà.

Taifọ́ọ̀dù, tí a ń pè ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun, wà lóòótọ́. Omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kàn ló ń gbé e wọ ara, ó sì ń pa èèyàn. Nọ́ńbà yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Widal ni wọ́n ń pe àyẹ̀wò náà, orúkọ dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé tó gbé e jáde ní 1896. Kì í wá kòkòrò taifọ́ọ̀dù rárá. Ohun ìjà tí ara ṣe láti fi gbógun ti kòkòrò náà ló ń wá. Wọ́n á mú omi tó dá sókè lórí ẹ̀jẹ̀, wọ́n á pò ó mọ́ oògùn tí òkú kòkòrò taifọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀. Bí ohun ìjà bá wà níbẹ̀, àwọn òkú kòkòrò náà á ṣù pọ̀. Wọ́n á wá máa bomi iyọ̀ là á: ìdá kan nínú 20, nínú 40, nínú 80, nínú 160. Bí ẹni ń bomi la ẹmu tó sì ń tọ́ ọ wò títí tí adùn rẹ̀ á fi tán. Ibi tí ó lómi dé tó ṣì ń ṣù ni wọ́n kọ sínú ìwé yín. 160 sọ pé ohun ìjà pọ̀ ju ti 80 lọ. Kò sọ pé kòkòrò pọ̀. Kò tilẹ̀ sọ pé kòkòrò wà.

Ohun ìjà ara kì í tú ká lọ́jọ́ tí ogun bá parí. Oríṣi rẹ̀ méjì ni wọ́n ń kọ sínú ìwé, O àti H. O máa ń gba oṣù mélòó kan kó tó wálẹ̀. H lè wà níbẹ̀ fún ọdún. Abẹ́rẹ́ àjẹsára taifọ́ọ̀dù lè gbé e sókè, ibà ẹ̀fọn náà lè gbé e sókè, àwọn kòkòrò tó jẹ́ ìbátan taifọ́ọ̀dù náà ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá fi lè ní 1:80 nílẹ̀ wa. Ẹni tí taifọ́ọ̀dù ṣẹ̀ṣẹ̀ mú sì lè má ní nǹkan kan lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Àyẹ̀wò méjì, tí ọjọ́ 10 sí 14 wà láàárín wọn, tí nọ́ńbà sì fò ní ìlọ́po mẹ́rin, bíi láti 80 sí 320, ìyẹn lọ́rọ̀ nínú. Mi ò tíì rí ẹni tí wọ́n ní kó padà wá ṣe ẹ̀ẹ̀kejì.

Àbúrò ìyá mi kan ní Ìkẹ́rẹ́, tó ń ta èlùbọ́, gba ìtọ́jú taifọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan. Ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ọ̀rá: 1:160, 1:160, 1:80. Kò ní ibà. Ó ń rù, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó ń dìde tọ̀ lóru. Ìgbà tí ẹnì kan wọn ṣúgà rẹ̀ la mọ̀ pé àtọ̀gbẹ ni.

Mi ò ní kí ẹ ju ìwé náà nù. Bí ibà bá ti wà lára fún ọ̀sẹ̀ kan, tí orí ń fọ́, tí inú ń run, dókítà lè fi 1:320 kún ohun tó ń rò. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ taifọ́ọ̀dù nígbà náà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé ciprofloxacin, oògùn tó ń pa kòkòrò, àkọ́kọ́ mì, ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè ṣe blood culture, èyí tó ń wá kòkòrò fúnra rẹ̀. Ó ń gba ọjọ́ mélòó kan, kì í sì í rí gbogbo rẹ̀, oògùn tí ẹ bá sì ti lò ṣáájú lè mú kó má rí nǹkan kan. Ciprofloxacin yẹn náà lè ba iṣan gìgísẹ̀ jẹ́, kòkòrò tó bá sì ti mọ̀ ọ́n kò ní í gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Bí inú ẹni tó ní ibà bá ṣàdédé le bíi pátákó, tàbí tó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró de láàbù. Ìfun lè ti lu. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ, ní Adó tàbí Ìdó-Èkìtì, lóru ọjọ́ náà.