Ọjà ti lọ, owó di ẹjọ́: bí àríyànjiyàn ìsanwó ṣe ń rí fún ẹni tó ń tajà lórí WhatsApp àti Instagram

Ẹni tó ń ta àǹkárá, bàtà tàbí fóònù àlòkù lórí WhatsApp àti Instagram ní Nàìjíríà kì í sábà ní ṣọ́ọ̀bù, kì í sì í ní akọ̀wé owó. Àkáǹtì tó fi ń gba owó oṣù ló tún fi ń gba owó ọjà. Tí ọ̀rọ̀ owó bá wá di ìjà, òun, báńkì rẹ̀ àti ẹ̀rí tó bá ti kó pamọ́ ni wọ́n jọ máa wà nínú rẹ̀. Ìjà yìí kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo, ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀kan kọ́ ni wọ́n ti ń gbọ́ ti òmíràn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ òǹtajà ti ń fi àkókò ṣòfò.

Èyí tó wọ́pọ̀ ni alẹ́ẹ̀tì irọ́. Oníbàárà á ní òun ti sanwó, á fi àwòrán rìsíìtì ránṣẹ́, nígbà mìíràn àtẹ̀jíṣẹ́ tó jọ ti báńkì á tún wọlé tẹ̀lé e. Orúkọ tó ń hàn lókè àtẹ̀jíṣẹ́ ṣeé fi ṣe ayédèrú, áàpù sì wà tó ń tẹ rìsíìtì tí kò yàtọ̀ sí ti báńkì. Ohun kan ṣoṣo ló ṣeé gbára lé: kí òǹtajà fúnra rẹ̀ ṣí áàpù báńkì rẹ̀, kó wo ìlà tí owó náà wà, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́, iye àti àkókò. Kó má wo àpapọ̀ owó nìkan, torí ẹni tí owó ń wọlé fún látàárọ̀ lè má rántí iye tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí kò bá sí dátà, kóòdù USSD báńkì wà. Oníbàárà tó bá ń pariwo pé ọlọ́kadà dispatch ti ń dúró lẹ́nu géètì, kó dúró. Ìkánjú yẹn gan-an ni oníjìbìtì fi ń jẹun.

Owó tó kúrò lọ́dọ̀ oníbàárà tí kò sì dé ọ̀dọ̀ òǹtajà, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Kò sí olè níbẹ̀, síbẹ̀ ibẹ̀ ni ìbínú ti ń gbóná jù, nítorí òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Tíráńsífà láti báńkì kan sí òmíràn sábà máa ń gba orí NIP kọjá, ètò ìfowóránṣẹ́ tí NIBSS, ilé iṣẹ́ tó so àwọn báńkì Nàìjíríà pọ̀, gbé jáde ní 2011. Báńkì oníbàárà á kọ́kọ́ gba orí ètò náà béèrè orúkọ tó wà lórí nọ́ńbà àkáǹtì òǹtajà. Lẹ́yìn náà á yọ owó lára àkáǹtì oníbàárà, á fi iṣẹ́ rán NIBSS, NIBSS á jẹ́ ẹ fún báńkì òǹtajà, báńkì yẹn á sì dáhùn pé òun ti gbà á. Tí ìdáhùn yìí bá há sójú ọ̀nà, báńkì oníbàárà ò ní mọ̀ bóyá owó wọlé tàbí kò wọlé. Kò sì lè sáré dá a padà, torí tó bá jẹ́ pé ó ti wọlé lóhùn-ún, owó ẹyọ kan á di méjì.

Nínú irú ọ̀rọ̀ yìí, àwòrán rìsíìtì nìkan ò tó. Session ID ni kí òǹtajà béèrè. Nọ́ńbà ọgbọ̀n tí wọ́n tò tẹ̀léra ni, ó máa ń wà lórí rìsíìtì tàbí nínú àlàyé tíráńsífà lórí áàpù. Mẹ́fà àkọ́kọ́ ni kóòdù ibi tí owó ti wá: 000013 ni GTBank, 000016 ni First Bank, 100004 ni OPay. Méjìlá tó tẹ̀lé e ni ọdún, oṣù, ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá. Méjìlá tó kẹ́yìn ni wọ́n fi ń dá tíráńsífà náà mọ̀ yàtọ̀ sí àwọn yòókù. Nítorí náà, bí rìsíìtì bá sọ pé láti OPay ni owó ti wá ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 2025, 10000425031514 ló yẹ kó ṣíwájú nọ́ńbà náà. Bí 000013 bá ṣíwájú rẹ̀, tàbí tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 24 péré, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Àmọ́ bó tilẹ̀ bára mu, kò túmọ̀ sí pé owó ti dé. Ohun tí báńkì lè fi tọpasẹ̀ owó lásán ni. Tíráńsífà tó bẹ̀rẹ̀ tó sì parí sínú báńkì kan náà kì í gba ọ̀nà yìí; bí kò bá ní irú session ID bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn pe oníbàárà ní olè.

Òǹtajà á gbé session ID náà lọ bá báńkì tirẹ̀, oníbàárà á lọ fẹjọ́ sun báńkì tirẹ̀ náà. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni, torí báńkì òǹtajà ò lè wo inú ìwé báńkì ẹlòmíràn. Títí tí èsì á fi dé, ọjà ò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀. Bí oníbàárà bá tún owó mìíràn san, tí ti àkọ́kọ́ sì wọlé lọ́jọ́ kejì, àkáǹtì tó ti wá gan-an ni kí òǹtajà dá a padà sí.

Èyí tó ń dun òǹtajà jù ni pé owó ti wọlé, ọjà ti lọ, báńkì wá dí owó náà mọ́lẹ̀. Lien ni àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ń pè é: owó á wà níbẹ̀, ojú á máa rí i, ọwọ́ ò ní tó o. Ẹnì kan ló ti lọ bá báńkì tirẹ̀ pé àṣìṣe ni tíráńsífà náà tàbí pé wọ́n lu òun ní jìbìtì, báńkì rẹ̀ sì kọ̀wé sí ti òǹtajà. Ẹni yẹn lè jẹ́ oníbàárà tí ọjà ò wù mọ́. Ó tún lè jẹ́ ẹni tí olè jí owó rẹ̀, tí olè náà sì fi ra fóònù lọ́wọ́ òǹtajà. Nínú ìkejì yìí, ẹni tó ni owó ò mọ òǹtajà rí, kíké pé "ọjà ni mo tà" nìkan ò sì lè tú owó sílẹ̀. Ìdí nìyí tí orúkọ tó wà lórí tíráńsífà fi yẹ kó jọ orúkọ ẹni tó ń ra ọjà. Bí ẹ̀gbọ́n tàbí ọkọ ló máa bá a san án, kó kọ ọ́ sínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ WhatsApp kí owó tó wọlé.

Tí wọ́n bá ti fi lien sórí owó, kí òǹtajà kọ̀wé sí báńkì, kó béèrè iye owó, ọjọ́, session ID àti ohun tí wọ́n fi ń sùn ún. Ẹ̀rí tó máa fi ṣe èsì ni ìfọ̀rọ̀wérọ̀ látòkè délẹ̀ (WhatsApp ní ibi tí wọ́n ti ń kó gbogbo rẹ̀ jáde bíi fáìlì, ó sì dára ju àwòrán tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ lọ), ìwé owó ọjà, nọ́ńbà waybill, orúkọ àti fóònù ẹni tó gbà á, àti àwòrán ìgbà tí wọ́n gbà á. Ohun kékeré kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ńlá: narration, àlàyé ṣókí tí ẹni tó ń sanwó ń kọ mọ́ tíráńsífà. Bí oníbàárà bá ti kọ "owó bàtà méjì" síbẹ̀ nígbà tó ń fi owó ránṣẹ́, ó máa ṣòro fún un láti sọ pé ọwọ́ òun ló ṣì tẹ nọ́ńbà.

Ẹ ṣọ́ra fún owó tó pọ̀ jù pẹ̀lú. Ọjà ₦18,000, ₦180,000 wọlé, oníbàárà wá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi ₦162,000 sí àkáǹtì ìyàwó òun. Bí olówó gidi bá dìde lọ́la, gbogbo ₦180,000 ni wọ́n máa wá lọ́wọ́ òǹtajà, nígbà tí ₦162,000 àti ọjà ti lọ. Kí òǹtajà sọ fún báńkì rẹ̀, kí wọ́n dá a padà síbi tó ti wá.

Ti káàdì ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tó fi káàdì san lórí líǹkì ìsanwó lè lọ bá báńkì tó fún un ní káàdì, kó ní kí wọ́n gba owó òun padà: chargeback nìyẹn. Ẹ̀sùn á gba ọ̀dọ̀ Verve, Visa tàbí Mastercard kọjá sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń gbowó fún òǹtajà, kó tó kàn án. Lórí Visa àti Mastercard, ẹ̀sùn pé ọjà ò dé tàbí pé kì í ṣe bí wọ́n ṣe júwe rẹ̀ lè jáde títí di ọjọ́ 120, àmọ́ àkókò tí òǹtajà ní láti fèsì kúrú gan-an, ẹni tó bá sì dákẹ́, wọ́n kà á sí pé ó gbà. Ẹ̀rí gbọ́dọ̀ bá ẹ̀sùn mu. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé ọjà ò dọ́gba pẹ̀lú àwòrán, tó wá ń fi waybill hàn, ti pàdánù. Àwòrán àti àpèjúwe tó fi polówó ọjà ni wọ́n ń béèrè. Kí òǹtajà má sì fi tíráńsífà dá owó káàdì padà. Oníbàárà ṣì lè béèrè chargeback lórí owó tó ti gbà padà, kí òǹtajà wá san án lẹ́ẹ̀mejì. Orí líǹkì ibi tí owó gbà wọlé ni kó gbà jáde.

Bí báńkì bá ń fi òní dọ́la, kí òǹtajà gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Ìlànà CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, fún báńkì ní ọ̀sẹ̀ méjì láti yanjú ẹ̀sùn; lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní CBN ló kàn. Alẹ́ẹ̀tì irọ́ jẹ́ ọ̀ràn, tọ́lọ́pàá ni. Àmọ́ oníbàárà tó gba ọjà tí kò sanwó tán, gbèsè ni ìyẹn: òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé wọn ò gbọdọ̀ tìtorí àdéhùn tó bàjẹ́ nìkan mú ènìyàn. Ní Èkó, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè kéékèèké ti wà láti 2018 fún owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Òǹtajà á kọ́kọ́ kọ ìwé sin gbèsè, kó tó gbé ẹjọ́ lọ síwájú májísíréètì, kò sì pọn dandan kó gba lọ́yà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ wọ̀nyí ti ń há ni ìwé ìpè sílé ẹjọ́ tí wọ́n ń mú lọ fún onígbèsè. Ilé ẹjọ́ nílò orúkọ ẹni náà gan-an àti ibi tí wọ́n ti lè rí i, orúkọ Instagram àti nọ́ńbà fóònù tó ti kú ò sì lè dípò ìyẹn.