Àmì òpin ayé: ṣé ká máa kà á ni, àbí ká máa ṣọ́nà?

Bí ogun bá ti bẹ́ sílẹ̀ níbì kan, tàbí tí ilẹ̀ mì, àwọn ará ìjọ á ní "Ìgbà ìkẹyìn rèé o!" Ṣé kì í ṣe Jésù fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ ni?

Òun ló dárúkọ àwọn nǹkan wọ̀nyẹn lóòótọ́, lórí Òkè Ólífì, nínú Mátíù orí 24. Ṣùgbọ́n ẹsẹ 6 wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wa máa ń fò. Bó ṣe mẹ́nu ba ogun àti ìró ogun tán, ńṣe ló ní kí wọ́n má fòyà, nítorí òpin kò tíì dé. Ó fi ìyàn, àjàkálẹ̀ àrùn àti ilẹ̀ mímì lé e, ó ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrọbí lásán ni. Ẹni tó bá ti jókòó ti aláboyún rí mọ̀ pé ìrọbí lè bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí, kí ilẹ̀ ṣú, kó tún mọ́, kí ọmọ má tíì dé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan fi ohùn ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp tí mo wà, ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko. Ilẹ̀ mímì ló fi bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ mímì náà ló fi parí, kò kan ẹsẹ 6 rárá.

Kí ló wá ń fa àríyànjiyàn láàárín àwọn tó ń ka Bíbélì kan náà?

Orí kan ṣoṣo yẹn náà ni. Ẹsẹ 32 ní ká kẹ́kọ̀ọ́ lára igi ọ̀pọ̀tọ́: bó bá ti ń rúwé, ẹ̀ẹ̀rùn ti súnmọ́ nìyẹn. (Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀ẹ̀rùn ni ewé ń wọ́, ẹ fi ilẹ̀ Júù sọ́kàn bí ẹ bá ń kà á.) Ẹsẹ 36 ní kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ àti wákàtí náà, àwọn áńgẹ́lì pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ 42 ní "Ẹ máa ṣọ́nà." Kálukú wá di ẹsẹ tirẹ̀ mú.

Àwọn kan ní púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣẹ láti ọdún 70, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Róòmù lábẹ́ Titus wó tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù. Jésù ló ti sọ ọ́ ṣáájú pé wọ́n á wó tẹ́ḿpìlì náà, ìyẹn ló sì mú kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn béèrè ìgbà tí yóò ṣẹlẹ̀. Àwọn mìíràn ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ tí oníwàásù kan, John Nelson Darby, bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ ní nǹkan bí 1830, pé a ó kọ́kọ́ gba ìjọ sókè, kí ìpọ́njú ńlá tó dé. Bíbélì alálàyé ti Scofield tó jáde ní 1909 gbé ẹ̀kọ́ yìí dé ilé ọ̀pọ̀ èèyàn. Nígbà tí wọ́n wá dá orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì sílẹ̀ ní 1948, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní igi ọ̀pọ̀tọ́ ti rúwé.

Ṣé ẹnì kan ti dá ọjọ́ rí?

Ó pọ̀. Èyí tó yẹ ká jókòó tì ni ti William Miller, àgbẹ̀ kan ní New York ní Amẹ́ríkà, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Dáníẹ́lì 8:14 ní lẹ́yìn 2,300 ọjọ́ ni a ó wẹ ibi mímọ́ mọ́; Miller ní ayé ni ibi mímọ́ náà, pé ìpadàbọ̀ Jésù ni yóò wẹ̀ ẹ́ mọ́, pé ọjọ́ kan sì dúró fún ọdún kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti 457 ṣáájú ìbí Kristi, ọdún tó gbà pé ọba Páṣíà pàṣẹ kí Ẹ́sírà padà sí Jerúsálẹ́mù. Yọ 457 kúrò nínú 2,300, ó ku 1843. Nígbà tó yá, wọ́n rántí pé kò sí ọdún òdo láàárín ṣáájú Kristi àti lẹ́yìn rẹ̀, ni ó bá di 1844. Oníwàásù kan, Samuel Snow, ló wá fi ọjọ́ gan-an sí i: 22 October 1844. Miller alára lọ́ra kó tó gbà á.

Àwọn àgbẹ̀ kan fi irè oko sílẹ̀ láìkórè, torí ẹni tó bá ń kórè ń fi han aládùúgbò pé òun náà kò gbà á gbọ́. Alẹ́ ọjọ́ náà lẹ́, aago lu méjìlá, Jésù kò sọ̀ kalẹ̀. Hiram Edson wà lára àwọn tó jọ ń dúró; ó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé ẹkún ni àwọn sun títí ilẹ̀ fi mọ́. Láàárọ̀, bó ti ń gba inú oko àgbàdo kọjá, ó ní ó yé òun pé ìṣirò náà tọ̀nà, pé ibi mímọ́ ti ọ̀run ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ, kì í ṣe ayé. Ká sòótọ́, àlàyé tó dé lọ́jọ́ kejì ìjákulẹ̀ máa ń fu mí lára. Síbẹ̀, láti ibẹ̀ ni ìjọ Seventh-day Adventist ti jáde, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1863, àwọn kò sì jẹ́ dá ọjọ́. Ní 1914, míṣọ́nnárì wọn, David Babcock, fi Erunmu nítòsí Ìbàdàn ṣe ibùdó. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára yunifásítì tó wà ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ lónìí.

Ìyẹn ò wá kọ́ àwọn èèyàn lọ́gbọ́n?

Rárá o. Harold Camping, onírédíò ní California, dá 1994, ó yẹ̀. Ó dá 21 May 2011, wọ́n gbé e sára pátákó ńlá lẹ́bàá títì káàkiri, ìyẹn náà yẹ̀. Ó sún un sí 21 October. Ní 2012 ló tó kọ̀wé pé ẹ̀ṣẹ̀ ni òun dá, pé àwọn tó ń fi "kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n" bá òun wí ló jàre. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti ọ̀rúndún karùn-ún ni Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, ti ń sọ fún àwọn tó ń ka ọdún lórí ìka pé kí wọ́n jẹ́ kí ìka wọn sinmi.

Ká kúkú má wojú ọ̀nà mọ́ nìyẹn?

N kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní 1918, tí àjàkálẹ̀ àrùn influenza ń pa èèyàn, ẹgbẹ́ àdúrà kékeré kan wà nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour ní Ìjẹ̀bú-Òde, Joseph Shadare wà lára wọn. Àdúrà fún aláìsàn ni wọ́n gbájú mọ́. Ẹgbẹ́ yẹn wà lára orísun àwọn ìjọ Aládùúrà. Èmi gbà pé irú èyí súnmọ́ ohun tí ẹsẹ 42 ń wí. Ṣọ́ ọ̀nà ni "ṣọ́nà", ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀nà dè bàbá rẹ̀ kì í sì í fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná. Ìránṣẹ́ tí Jésù yìn ní ẹsẹ 45 àti 46, oúnjẹ ló ń pín fún ará ilé lásìkò tí ọ̀gá rẹ̀ wọlé.

Ẹ tún wo àwọn wúńdíá mẹ́wàá tó wà nínú orí 25. Àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló sùn lọ, ọlọ́gbọ́n àti aláìgbọ́n. Òróró tó wà lọ́wọ́ ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kí ni kí n wá ṣe sí ohùn WhatsApp yẹn?

Bí wọ́n bá fi ọjọ́ sí i, ẹ pa á rẹ́. Bí wọn ò bá fi ọjọ́ sí i, ẹ ka Mátíù 24 láti ẹsẹ 1 dé 51 kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Kò lè gbà tó ìṣẹ́jú mọ́kànlá.