Oòrùn létíkun, òjò lórí òkè: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ọjọ́ kan ní Dominica

Àǹtí mi kan ní London fẹ́ bá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ wọ ọkọ̀ cruise lọ sí Caribbean, Roseau, olú ìlú erékùṣù Dominica, sì wà lára ibi tí ọkọ̀ wọn máa dúró sí fún ọjọ́ kan. Ó ka ohun táwọn tó ti lọ sọ, orí ẹ̀ dàrú, torí ẹnì kan ní oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ bó òun lára, ẹlòmíì tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà lọ́jọ́ kan náà ní òjò pa òun gbá. Àwọn ìbéèrè tó bi mí rèé, mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń rò wọ́n.

Ṣé Dominica yìí náà ni Dominican Republic?

Rárá o. Dominican Republic àti Haiti ló jọ wà lórí erékùṣù kan, Spanish ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀. Dominica tiẹ̀ wà láàárín Guadeloupe àti Martinique, ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ti gbòmìnira ní 3 November 1978, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, pẹ̀lú Kwéyòl tó jọ Faransé. Tẹ́ ẹ bá ń wá tour lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ Roseau mọ́ ọn, kí wọ́n má lọ ta ti Punta Cana ní Dominican Republic fún yín.

Báwo lòjò ṣe ń rọ̀ lórí òkè nígbà tí oòrùn ń ràn létíkun, tó sì jẹ́ pé àárín wọn ò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú nínú mọ́tò lọ?

Afẹ́fẹ́ àti òkè ló jọ ń ṣe é. Afẹ́fẹ́ apá ibẹ̀ yẹn, láti ìlà oòrùn ló ti máa ń fẹ́ wá lọ́pọ̀ ìgbà nínú ọdún, orí òkun Atlantic ló ń gbà bọ̀, kó tó débẹ̀ ó ti gba omi sára dáadáa. Tó bá wá kan òkè kò ríbi yà sí, àfi kó máa gùn ún lọ, bó ṣe ń gòkè ló ń tutù, afẹ́fẹ́ tútù ò sì lè gbé omi tó èyí tí gbígbóná ń gbé, ni omi yẹn bá di kùrukùru, ó dòjò, ó rọ̀ síbẹ̀. Ìgbà tó bá fi máa ré kọjá sí òdì kejì, ó ti da èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù ẹ̀ sílẹ̀, bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ló tún ń gbóná sí i, ìdí nìyẹn tí Roseau fi ń rí oòrùn, torí apá ìwọ̀ oòrùn ló wà, ẹ̀yìn òkè. Òjò ọdún kan lórí àwọn òkè àárín erékùṣù yẹn máa ń ju 7,000 mílímítà lọ, ti Roseau ò tó 2,000. Òkè tó ga jù níbẹ̀, Morne Diablotins, ó tó mítà 1,447, bẹ́ẹ̀ gbogbo erékùṣù náà ò gùn ju nǹkan bíi kìlómítà 47 lọ.

Nítorí náà òótọ́ làwọn méjèèjì sọ. Ojú ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí lórí fóònù, ti Roseau ni, kì í ṣe ti òkè. Ẹ mú ẹ̀wù òjò dání, kódà tí oòrùn bá ń yọ nígbà tẹ́ ẹ ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ fi náílọ́ọ̀nù wé fóònù, ẹ sì mú súwẹ́tà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, torí béèyàn bá gòkè tó 1,000 mítà, ooru á ti fi bí ìwọ̀n Celsius mẹ́fà lọ sílẹ̀.

Tójò bá ń rọ̀, ṣé mo ṣì lè wọnú odò?

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti gbọ́ mi dáadáa. Titou Gorge ní abúlé Laudat, àlàfo tóóró ni láàárín àpáta méjì, inú omi lèèyàn ń lúwẹ̀ẹ́ gbà dé ibi tí omi ti ń já bọ́, ó rẹwà gan-an, àmọ́ tómi bá kún lójijì kò síbi téèyàn máa sá sí. Òjò lè máà kán sí yín lórí rárá kí odò ṣáà kún, torí òkè lọ́hùn-ún ló ti rọ̀. Ẹ máa wo omi fúnra ẹ̀: tó bá mọ́ gaara tẹ́lẹ̀ tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí ewé àti igi wẹ́wẹ́ ń léfòó bọ̀, tí ìró ẹ̀ yí pa dà, ẹ jáde lẹ́sẹ̀ kan náà, ẹ má dúró ya fọ́tò. Tí gáìdì bá sì ní òní ò ṣeé wọ̀, ẹ má bá a jiyàn, owó tẹ́ ẹ san ò tó ẹ̀mí.

Mo gbọ́ pé omi gbígbóná ń sun níbẹ̀, kí ló ń mú un gbóná?

Ilẹ̀ abẹ́ òkun Atlantic ló ń rì wọ abẹ́ ilẹ̀ Caribbean díẹ̀díẹ̀, tó bá jìn tán, àpáta á yọ́, á máa wá ọ̀nà jáde. Òkè oníná mẹ́sàn-án ló wà ní Dominica, ọ̀kan péré lọ̀pọ̀ erékùṣù tó wà nítòsí ẹ̀ ní. Òjò yẹn náà ló ń wọlẹ̀, á bá àpáta gbígbóná pàdé, á tún yọ jáde. Ní Trafalgar Falls, omi méjì ló ń já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ń pe èyí tó ga ní Bàbá, ìkejì ní Ìyá, omi tó ń já bọ́ yẹn tutù, àmọ́ nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, omi gbígbóná ń sun láàárín òkúta, ó ti pa òkúta ibẹ̀ láró bí ọsàn. Ẹni tó bá ti dé Ìkògòsì l'Ékìtì á mọ bó ṣe máa ń rí lára téèyàn bá kúrò nínú tútù bọ́ sínú gbígbóná, àmọ́ kò sí òkè oníná lábẹ́ Ìkògòsì, lílọ tí omi lọ jìn sínú ilẹ̀ ló mú un gbóná. Tẹ́ ẹ bá dé Wotten Waven, abúlé tí omi gbígbóná ti ń sun, imí ọjọ́ lẹ máa kọ́kọ́ gbóòórùn, kẹ́ ẹ tó rí omi rárá.

Ṣé mo lè lọ wo Boiling Lake kí ọkọ̀ tó lọ?

Èmi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ lọ. Adágún náà fẹ̀ tó bí ọgọ́ta mítà, ó ń hó ní tòótọ́, àmọ́ mọ́tò kì í débẹ̀, ẹsẹ̀ ni, bíi wákàtí mẹ́ta lọ, mẹ́ta bọ̀, ẹ ó gba Valley of Desolation kọjá, níbi tí èéfín ti ń tú látinú ilẹ̀, tí ilẹ̀ ibẹ̀ tiẹ̀ bú gbàmù ní 1880 àti 1997. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń dé bí aago mẹ́jọ àárọ̀, wọ́n á lọ bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ yọ ìgbà tẹ́ ẹ fi tò sọ̀kalẹ̀ àti ìgbà tẹ́ ẹ fi wà nínú mọ́tò kúrò, kò sáyè fún ẹsẹ̀ tó yẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó wá sùn ní Dominica.

Erékùṣù kékeré báyìí, ṣé mi ò lè yí i ká ni?

Ọ̀nà ibẹ̀ ò tọ́, ńṣe ló ń lọ́ kiri ara òkè, ibi tó dà bíi pé ó wà nítòsí lórí máàpù lè gbà ju wákàtí kan lọ. Ẹ mú Trafalgar àti ibì kan sí i, bóyá Wotten Waven tàbí Freshwater Lake, ó ti tó. Nọ́ńbà mọ́tò táàsì fi H bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó wọlé ẹ dúnàádúrà, kẹ́ ẹ sì bèèrè pé dọ́là wo, torí dọ́là tiwọn (East Caribbean) 2.70 ló jẹ́ dọ́là Amẹ́ríkà kan, kẹ́ ẹ tún bèèrè bóyá owó náà wà fún gbogbo yín àbí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má wọ aṣọ tó jọ ti sójà, ọmọdé náà ò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, òfin wọn ni.

Tí mo bá pẹ́ ńkọ́?

Tó bá jẹ́ tour tí ọkọ̀ fúnra ẹ̀ tà fún yín, wọ́n sábà máa ń dúró dè yín. Tó bá jẹ́ táàsì tẹ́ ẹ gbà fúnra yín, ọkọ̀ á lọ, owó yín lẹ sì máa fi bá a níbi tó kàn. Fóònù lè yí aago ẹ̀ pa dà kí ti ọkọ̀ má yí, aago inú ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ẹ sọ fún dírẹ́bà látàárọ̀ pé aago mẹ́ta lẹ fẹ́ wà ní Roseau, kẹ́ ẹ fi àkókò tó kù rìn lọ sí Old Market, kò jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ láàárín ìlú.