Níbo ni títún táyà alùpùpù onísípóòkù ṣe ti ṣẹ̀ wá?

Nígbàkígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn táyà aláfẹ́fẹ́, ìlú Belfast ni wọ́n sábà máa ń mú wa lọ, níbi tí John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹran tí a bí ní Scotland, ti fi rọ́bà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ po ní ọdún 1887. Àwọn mìíràn a ní Robert William Thomson, ọmọ Scotland bákan náà, ti gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ láti ọdún 1845. Èmi kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe táyà kọ́ ni mò ń wá, bí kò ṣe ẹni tí ó kọ́kọ́ ro ti arìnrìn-àjò tí táyà jò mọ́ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, ìyẹn sì mú wa lọ sí Clermont-Ferrand ní ilẹ̀ Faransé.

Ní ọdún 1889, ẹnì kan gbé kẹ̀kẹ́ wá sí ilé iṣẹ́ rọ́bà tí Édouard Michelin àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, André, ni. Táyà Dunlop rẹ̀ ti jò, gọ́ọ̀mù ni wọ́n sì fi lẹ táyà ọ̀hún mọ́ ríìmù típẹ́típẹ́. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi tú u tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, wọ́n tún fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí gọ́ọ̀mù lè gbẹ. Édouard gùn ún láti dán an wò, kò rìn jìnnà tí ó tún fi jò. Ó ti gbádùn bí ó ṣe rọ̀ lójú ọ̀nà, ó sì rí i pé kò lè wúlò fún aráyé àfi bí ẹni tí ó gùn ún bá lè tú u fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1891, wọ́n gba ìwé àṣẹ lórí táyà tí ó ṣeé tú, eléré kẹ̀kẹ́ Charles Terront sì fi í borí nínú eré kẹ̀kẹ́ Paris–Brest–Paris, nǹkan bíi kìlómítà 1,200, láàárín wákàtí 71 lé díẹ̀. Charles Kingston Welch náà gba ìwé àṣẹ lórí táyà onírin létí ní England ní ọdún 1890, ṣùgbọ́n Clermont-Ferrand ni wọ́n ti fi hàn lójú pópó pé ó ṣeé ṣe.

Ó yẹ kí a yà sọ́dọ̀ sípóòkù, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó so àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mọ́ ríìmù, nítorí ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń wá. Eugène Meyer ti ń ṣe ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ onírin tẹ́ẹ́rẹ́ ní Paris ní ọdún 1869. James Starley sì gba ìwé àṣẹ ní Coventry ní ọdún 1874 lórí sípóòkù tí ó dábùú ara wọn, bí a ṣe ń rí i títí di òní. Orí sípóòkù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ọ̀tì kékeré tí ó gba inú ihò ríìmù kọjá. Ihò yìí kò da ẹnikẹ́ni láàmú nígbà náà, nítorí rọ́bà líle ni wọ́n fi ń bo ríìmù. Lójú tèmi, bí ó bá jẹ́ pé táyà aláfẹ́fẹ́ ni ó ṣáájú, àwọn oníṣẹ́ Coventry ì bá ti lu ihò wọn sí etí ríìmù kí afẹ́fẹ́ má baà rí ọ̀nà jáde, bóyá a kì bá sì ti mọ tíúbù rárá. Ṣùgbọ́n ríìmù oníhò ni táyà bá nílẹ̀, a sì ní láti fi afẹ́fẹ́ sínú tíúbù.

Tíúbù yìí ni ó so ìtàn náà mọ́ àwa náà. Orúkọ tí à ń pe fọkanáísà wá láti ara Vulcan, òrìṣà iná àti alágbẹ̀dẹ àwọn ará Róòmù àtijọ́. William Brockedon ni ó fi í sọ iṣẹ́ fífi iná se rọ́bà pọ̀ mọ́ imí ọjọ́, èyí tí Thomas Hancock ní England àti Charles Goodyear ní Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ lé lórí. Ní ilẹ̀ tí awakọ̀ àti alágbẹ̀dẹ ti ń bọ Ògún, orúkọ náà bọ́ sí ibi tí ó yẹ ẹ́. Ẹ wo fọkanáísà bí ó ti ń rọ afẹ́fẹ́ sí tíúbù, tí ó ń rì í sínú abọ́ omi, tí ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí ìfófó fi ń hó jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó fi igi ìṣáná sàmì sí ihò náà, ó ha ojú rẹ̀, ó gbé rọ́bà tí a kò tíì sè lé e, ó fi irin tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó wá da epo díẹ̀ sínú písítìnì àlòkù orí irin náà, ó sì ṣáná sí i.

Ìtàn ti alùpùpù ìrìn-àjò jíjìn kò gùn. Eré Paris–Dakar, ìdíje ọkọ̀ àti alùpùpù láti ilẹ̀ Faransé dé Senegal, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1978, Cyril Neveu sì fi alùpùpù Yamaha XT500 borí. BMW gbé R80 G/S jáde ní ọdún 1980. Sípóòkù ni àwọn méjèèjì ní, nítorí pé sípóòkù máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ alùpùpù juwọ́ díẹ̀ fún òkúta, níbi tí ríìmù tí a yọ́ irin rọ ti lè sán. Ní ọdún 1987 ni BMW gbé sípóòkù lọ sí etí ríìmù lára R100GS, táyà aláìnítíúbù sì wọlé. Bí ìṣó bá gún un, a ó kàn ti okùn rọ́bà bọ ihò náà láìtú ẹsẹ̀ kúrò. Honda náà ṣe bẹ́ẹ̀ lára Africa Twin Adventure Sports ti ọdún 2020.

Ọ̀pọ̀ alùpùpù onísípóòkù ṣì ń lo tíúbù, ọ̀nà Clermont-Ferrand ni àwọn tí ó ń gùn wọ́n sì ń tọ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ń tú táyà fúnra wọn: wọn a fi orúnkún tẹ etí táyà sínú kòtò àárín ríìmù, kí òdì kejì lè tú fún irin tí a fi ń yọ ọ́. Kí tíúbù tí a ti lẹ̀ tó padà wọlé, ìka a ti kọ́kọ́ ra inú táyà yíká, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láti wá ìṣó tí ó gún un.