Ìdíje Hurling Gbogbo Írẹ́lándì fún Àwọn Ọ̀dọ́ Tí Kò Tíì Pé Ogún Ọdún, 2024

Ìdíje hurling, eré ọ̀pá àti bọ́ọ̀lù ti Írẹ́lándì, ti Gbogbo Írẹ́lándì ọdún 2024 fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ogún ọdún ni èyí tí káúntì Offaly ti kọ́kọ́ gba ife-ẹ̀yẹ náà nínú ìtàn wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún náà, ní pápá Nowlan Park ní ìlú Kilkenny, Offaly fàgbà han Tipperary pẹ̀lú àmì ayò 2-20 sí 2-14. Òǹwòran tó lé ní 20,000 ló kún pápá náà, èrò yìí sì pọ̀ gan-an fún eré àwọn ọ̀dọ́. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni pápá yẹn àti ife-ẹ̀yẹ náà jọ ń jẹ́: James Nowlan, ará Kilkenny, tó jẹ́ ààrẹ GAA, àjọ tó ń darí hurling, láti 1901 di 1921.

Kì í ṣe pé Offaly gbẹ̀yẹ nìkan ló mú kí àwọn èèyàn máa rántí ìdíje yìí. Ọdún méjì ṣáájú, lórí koríko pápá yìí kan náà, Tipperary yìí kan náà ló já ife mọ́ púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Offaly yìí lọ́wọ́ nígbà tí eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Eré náà àti bí wọ́n ṣe ń ka ayò

Ẹni tí kò bá rí hurling rí lè fojú inú wò ó báyìí: èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níhà kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ lọ́wọ́ oníkálukú, bọ́ọ̀lù kékeré kan sì ń fò lókè orí wọn láti ìpẹ̀kun pápá kan dé ìkejì. Camán ni wọ́n ń pe ọ̀pá náà ní èdè Írẹ́lándì, sliotar sì ni bọ́ọ̀lù. Kọ́ọ̀kì ló wà nínú sliotar, awọ ni wọ́n rán bò ó. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju 110 sí 120 gíráàmù lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá ba èèyàn lójú, ọ̀rọ̀ ti di ti ilé ìwòsàn nìyẹn. Ìdí nìyí tí GAA fi sọ akoto dídé di dandan fún gbogbo eléré láti ọdún 2010.

Eléré kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ṣa bọ́ọ̀lù nílẹ̀. Ọ̀pá ni yóò fi gbé e sókè kí ọwọ́ rẹ̀ tó kàn án. Bí ó bá ti mú un lọ́wọ́, kò gbọdọ̀ gbé ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ. Bí ó bá fẹ́ sáré jìnnà, àfi kí ó gbé bọ́ọ̀lù lé orí camán kí ó má sì jẹ́ kí ó jábọ́. Ẹni tó bá mọ èyí ṣe dáadáa máa ń dà bí ẹni tó gbé ẹyin sórí síbí, tí àwọn ọkùnrin mẹ́ta sì ń fi ọ̀pá lé e.

Igi ash ni wọ́n fi ń gbẹ́ camán láti ayébáyé. Àrùn kan tí ẹ̀bu ń fà, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Írẹ́lándì ní 2012, ti pa igi náà lọ́pọ̀lọpọ̀, débi pé láti òkè òkun ni wọ́n ti ń ra púpọ̀ nínú igi tí wọ́n ń lò. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń fi ọparun ṣe ọ̀pá báyìí.

Òpó ilé ayò dúró bí lẹ́tà H. Bí bọ́ọ̀lù bá gba abẹ́ igi ìdábùú wọlé, gólì ni, pọ́ìǹtì mẹ́ta sì ni iye rẹ̀. Bí ó bá gba òkè igi náà kọjá láàárín òpó méjèèjì, pọ́ìǹtì kan ni. Gólì ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú, kí wọ́n tó kọ pọ́ìǹtì. Nítorí náà 2-20 túmọ̀ sí gólì méjì àti ogún pọ́ìǹtì, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 26. 2-14 sì jẹ́ 20. Ó yẹ kí òǹkàwé fi ìṣirò yìí sọ́kàn, torí òun ni yóò fi mọ bí ọ̀rọ̀ Offaly ṣe yí padà láàárín ọdún méjì.

Ọjọ́ orí àti ètò ìdíje

GAA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilé ìtura Hayes ní ìlú Thurles, káúntì Tipperary, ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1884, ló ń darí hurling ní gbogbo erékùṣù náà. Kò sí eléré tó ń gba owó oṣù níbẹ̀, bó ti wù kí òkìkí rẹ̀ kàn tó. Ẹgbẹ́ ìlú tàbí ti páríìṣì rẹ̀ ni ọmọ kan ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá dáńgájíá, káúntì rẹ̀ á pè é. Ẹnì kan kì í sábà fi káúntì rẹ̀ sílẹ̀ lọ gbá fún òmíràn, torí pé ọ̀rọ̀ ilé ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Ìdíje àwọn ọmọdé ti wà láti 1928, èyí tí wọ́n ń pè ní minor, fún àwọn tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún. Ní 1964 ni èyí tó wà fún àwọn tí kò tíì pé ọdún mọ́kànlélógún bẹ̀rẹ̀, Tipperary ló sì kọ́kọ́ gbà á. Nígbà tó yá, àwọn aláṣẹ rí i pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń gbá fún ilé ìwé, fún ẹgbẹ́ páríìṣì, fún ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ káúntì àti fún ẹgbẹ́ àgbà lẹ́ẹ̀kan náà, ara wọn kò sì gbà á mọ́. Wọ́n dín ọjọ́ orí kù: minor di ti àwọn tí kò tíì pé mẹ́tàdínlógún ní 2018, èkejì sì di ti àwọn tí kò tíì pé ogún ní 2019. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún ìdíje ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí.

Ní 2024, ẹkùn méjì ni ìdíje yìí ní, Leinster níhà ìlà-oòrùn àti Munster níhà gúúsù. Ẹni tó bá jáwé olúborí ní ẹkùn kan á pàdé ẹni tó jáwé olúborí ní èkejì, ìyẹn ni àṣekágbá. Galway, tó wà ní Connacht níwọ̀-oòrùn, kò ní ẹni tó lè bá a figẹ̀ wọngẹ̀ ní ẹkùn tirẹ̀, nítorí náà Leinster ni àwọn náà ti ń gbá. Ọgọ́ta ìṣẹ́jú ni eré kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá dín sí ti àwọn àgbà.

Offaly kí ọdún 2024 tó dé

Àárín gbùngbùn Írẹ́lándì ni Offaly wà, ilẹ̀ àbàtà àti odò Shannon ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Nínú ìkànìyàn 2022, nǹkan bí 83,000 èèyàn ló ń gbé níbẹ̀. Tipperary, tí wọ́n jọ pààlà, ní nǹkan bí 168,000. Kì í sì í ṣe gbogbo Offaly ló ń gbá hurling. Ìhà àríwá rẹ̀ fẹ́ràn bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ti Írẹ́lándì jù, ìhà gúúsù, ní Birr, Banagher àti Kilcormac, ni camán ti jẹ́ ohun ìdílé. Bí èèyàn bá pín iye ọmọ tó wà níbẹ̀ sí méjì, yóò mọ ìdí tí aṣeyọrí wọn fi máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu.

Ní ìpele àgbà, wọ́n gba ife Gbogbo Írẹ́lándì ní ẹ̀ẹ̀mẹrin: 1981, 1985, 1994 àti 1998. Ti 1994 ni àwọn àgbà kì í yé ròyìn. Limerick fi pọ́ìǹtì márùn-ún ṣáájú nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún, Offaly sì wá gbá gólì méjì àti pọ́ìǹtì márùn-ún wọlé kí rẹfirí tó fọn fèrè. Ní 1998, fèrè fọn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ṣáájú àkókò nínú eré ìdajì-àṣekágbá nígbà tí Clare ń léwájú. Àwọn olólùfẹ́ Offaly jókòó sílẹ̀ lórí pápá Croke Park, wọ́n ní àwọn kò lọ. Wọ́n tún eré náà gbá, Offaly borí, wọ́n sì gba ife náà lọ́wọ́ Kilkenny níkẹyìn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ní 2018 wọ́n já kúrò nínú ìdíje àgbà Leinster sí ìpele kejì, ife Joe McDonagh. Ní 2019 wọ́n tún já sí ìpele kẹta, ife Christy Ring. Káúntì tó ti na Kilkenny ní àṣekágbá rí wá ń bá àwọn tí hurling kò fi bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wọn díje. Ìtìjú ńlá ni fún wọn, àwọn tó mọ ìtàn wọn kò sì fi bò.

Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé ni àtúnṣe ti wá. Ní ìpele tí kò tíì pé mọ́kànlélógún, Offaly ti dé àṣekágbá ní 1989, 1991 àti 1992, wọ́n sì fìdí rẹmi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tipperary ló gbo ewúro sí wọn lójú nínú ti àkọ́kọ́, 4-10 sí 3-11, Galway nínú èkejì, Waterford nínú ẹ̀kẹta lẹ́yìn àtúngbá. Ní 2022, ẹgbẹ́ minor wọn, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Leo O'Connor tó jẹ́ ọmọ Limerick, dé àṣekágbá ní Nowlan Park. Offaly ń léwájú wọnú àfikún ìṣẹ́jú, àwọn èèyàn wọn ti ń dìde láti kí ara wọn, bọ́ọ̀lù kan bá rọ̀ sẹ́nu ilé, Tipperary ti camán bọ̀ ọ́, gólì! 1-17 sí 1-16. Pọ́ìǹtì kan ṣoṣo ni wọ́n fi já wọn kulẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọn kò tíì pé ọdún méjìdínlógún wólẹ̀ sórí koríko, wọn kò lè dìde.

Ní 2023, O'Connor àti púpọ̀ nínú wọn gòkè sí ìpele tí kò tíì pé ogún. Wọ́n gba Leinster, wọ́n sì pàdé Cork ní àṣekágbá ní Thurles. Gólì mẹ́ta ni Offaly jẹ, méjì ni ti Cork, síbẹ̀ Cork ló borí: 2-22 sí 3-13, ìyẹn 28 sí 22. Pọ́ìǹtì mẹ́fà.

Àṣekágbá 2024

Offaly tún gba Leinster ní 2024. Tipperary ló gba Munster, ẹni tó sì ń kọ́ wọn ni Brendan Cummins, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn aṣọ́lé tó pẹ́ jù lórí pápá nínú ìtàn káúntì náà. Nígbà tí wọ́n kéde pé Nowlan Park ni àṣekágbá yóò ti wáyé, kò sí ará Offaly tí kò mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Láti Birr, Tullamore àti gbogbo abúlé tó wà láàárín wọn ni èrò ti tú jáde pẹ̀lú àsíá aláwọ̀ ewé, funfun àti wúrà. Tipperary wọ búlúù pẹ̀lú ìgbànú wúrà. Nínú ẹgbẹ́ Offaly, Adam Screeney, ọmọ ẹgbẹ́ Kilcormac-Killoughey, ni ojú gbogbo ayé wà lára rẹ̀. Kò ga, kò sì síngbọnlẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń fọgbọ́n yẹ ara sílẹ̀, kì í sì í sábà ṣìnà òpó bí wọ́n bá fún un ní gbígbá ọ̀fẹ́.

Gólì méjì ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ. Orí pọ́ìǹtì ni eré náà ti yàtọ̀: ogún ni ti Offaly, mẹ́rìnlá ni ti Tipperary. Ẹ wò ó bó ṣe rí. Ní 2022 ó jẹ́ pọ́ìǹtì kan ní òdì, ní 2023 ó jẹ́ mẹ́fà ní òdì, ní 2024 ó wá di mẹ́fà gan-an, ṣùgbọ́n ti Offaly ni. Nígbà tí fèrè dún, àwọn òǹwòran ya wọ pápá bí omi tó fọ́ gèbè, bàbá àti ọmọ ń sunkún lọ́rùn ara wọn. Káúntì tó ti dé àṣekágbá ìpele yìí lẹ́ẹ̀mẹrin láìgba nǹkan kan kó ife lọ sílé nígbà karùn-ún.

Lẹ́yìn àṣekágbá

Láàárín oṣù kẹfà yẹn kan náà, ẹgbẹ́ àgbà Offaly na Laois ní Croke Park, wọ́n sì gba ife Joe McDonagh, èyí tó dá wọn padà sí ìdíje àgbà Leinster lẹ́yìn ọdún mẹ́fà.

Tipperary náà kò pẹ́ dìde. Ní 2025, wọ́n gba ife àwọn tí kò tíì pé ogún, wọ́n na Kilkenny ní àṣekágbá. Ní oṣù keje ọdún kan náà, ẹgbẹ́ àgbà wọn na Cork 3-27 sí 1-18 nínú àṣekágbá Gbogbo Írẹ́lándì ti àwọn àgbà. Darragh McCarthy, tó ti ń gbá fún ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Tipperary, wà nínú àwọn tó ṣe bẹbẹ lọ́jọ́ náà.

Ní ti Offaly, ohun tí ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù ni pé wọn ò ní lè dúró láàárín àwọn àgbà ní Leinster. Nígbà tí ìdíje ẹkùn náà parí ní 2025, Antrim ló já sísàlẹ̀, Offaly dúró.